Ìbọn Abẹ́ Bùbá

Sátidé, Ìmọ́tà

Mo ti yan èyí tó kéré. Méjì ni ọ̀rẹ́ mi Múfú gbé wá ní bòńkẹ́lẹ́, torí ta ni yóò fún irú wa ní ìwé àṣẹ ìbọn ìléwọ́? Mo ki èyí tó tóbi bọ ṣòkòtò níwájú, mo dọ̀bálẹ̀ wò, ó ń gún mi níkùn. Ni mo bá ki kékeré sẹ́yìn ìbàdí, bùbá sì bò ó.

Láti ìgbà tí wọ́n ti jí Ràsákì gbé, ẹni tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà, àyà mi kì í balẹ̀ lọ́nà oko mọ́. A ò tíì rí i. Àwọn ọlọ́pàá ní ká ṣe sùúrù. Sùúrù wo?

Lónìí mo lọ kí bàbá mi l'Ẹ́pẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbàgbé pátápátá pé wọ́n máa ń fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn jẹ́jẹ́ tí wọ́n bá ń ṣàdúrà fún mi.

"Ọlọ́hun á máa ṣọ́..." Ọwọ́ wọn kan irin.

"Kí lèyí?"

"Ìbọn ni, bàbá mi. Ẹ má bínú. Nítorí ọ̀nà oko ni."

"O wá gbé e wá kí mi?"

Mo dìde. Wọn ò parí àdúrà náà, wọn ò sì ní kí n jókòó.

Bí mo ṣe ń dé ìdí mọ́tò, mo gbọ́ tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Láti kékeré, mi ò rí i kí bàbá mi ti ilẹ̀kùn yẹn lójúmọmọ rí.