Orúkọ Fáda Pọ́ọ̀lù

Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Òórùn tùràrí ṣì wà lára gèlè mi. A dágbére fún àlùfáà adelé wa lónìí. Aṣọ mẹ́ta ni ìjọ fún un. Mo ní ọ̀kan ti tó ẹni tó lo oṣù mẹ́sàn-án péré lọ́dọ̀ wa. Bó ṣe gun alùpùpù tó ń lọ, afẹ́fẹ́ òkun gbé aṣọ funfun rẹ̀, àfi bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ojú wọn kò ríran mọ́. Ní gbogbo Ẹtì tí adelé yìí ń gbé ara Olúwa wá bá wọn nílé ní Agblangandan, Fáda Pọ́ọ̀lù, àlùfáà wa àtijọ́, ni wọ́n ń pè é. Ó sì ń jẹ́ ẹ. Èmi náà kò sọ fún wọn pé kì í ṣe òun. Ta ni yóò wá máa jẹ́ Pọ́ọ̀lù báyìí?

Mo délé, mo jẹ́wọ́ fún wọn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé n kò mọ ọwọ́ Pọ́ọ̀lù ni? Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni mo ṣì í pè. Ó dáhùn kójú má baà tì mí. Ṣé kí èmi wá dójú tì í ni?"

Aṣọ mẹ́ta yẹn mà kéré o.