Méjìdínlógójì Táyà, Méjìdínlógójì Ọmọ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo sì kí ọ kú ìbínú, nítorí mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Ọ̀gá rẹ yóò máa rẹ́rìn-ín nígbàkigbà tó bá rí ọ, iṣẹ́ tuntun tó o bẹ̀rẹ̀ kò ní bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín. Èmi àti ìyá rẹ wà, ilé wà. Ewúrẹ́ aládùúgbò ti jẹ ẹ̀yìn bàtà mi kan, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ mú bírò.

O ní Sátidé lo ń bọ̀ wá mú ọmọ rẹ kúrò lọ́dọ̀ wa, pé èmi ò mọ ọmọ tí ara rẹ̀ yá yàtọ̀ sí èyí tí ara rẹ̀ ò yá. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí, nítorí fóònù ló dá gbogbo ìjà yìí sílẹ̀. Kíláàsì kẹta ni mo dé, gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayé náà mọ̀ pé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni àwọn tó dé yunifásítì ń to ọkọ̀ wọn sí. Fọkanáísà tó fi owó táyà kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mélòó lo rí?

Gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó o fi ránṣẹ́, tí wọ́n ń há sí ọmọ lábíyá tó ń ké píì, bí mo ṣe rí i ni mo ti mọ̀ ọ́n. Géèjì tí mo fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà ni. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kò sí ọgbọ́n tí wọ́n dá láyé tí kì í ṣe ara táyà ló ti wá. Ọjọ́ Ajé, ó kọ mẹ́rìndínlógójì. Mo ní áà, afẹ́fẹ́ ọmọ yìí ò kún tó, kò lè rìn jìnnà, kó sùn sílé. Ọmọ ń fò kiri orí àga, ó ní Bàbá Àgbà, kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Mo ní ìwọ wo géèjì.

Ìyá rẹ lọ fẹjọ́ mi sùn ọ́, lo bá fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù. O ní kí n máa wo ẹ̀rọ náà kí ọmọ tó lọ ilé ìwé, pé tó bá ti dé méjìdínlógójì, kí n má fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré o. Ọ̀rọ̀ wo la ń sọ bọ̀? Ọ̀rọ̀ ilé ìwé. Síbẹ̀ mo bi ọ́ pé ṣé kó máa lọ nìyẹn. O dáhùn pé ẹ ṣeun gan-an, Bàbá mi. Ìyá rẹ wá ń sọ báyìí pé ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni, pé kì í gbọ́ èsì. Kí ló wá ń dúpẹ́ fún?

Ọjọ́rú, ẹ̀rọ kọ méjìdínlógójì ààbọ̀. Inú mi dùn. Nọ́ńbà tí mo máa ń fẹ́ sí táyà ọkọ̀ tó fẹ́ kó ẹrù rìnrìn àjò nìyẹn. Ìyá rẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọmọ lọ́rùn, ó ní Baálé mi, ọmọ yìí gbóná. Mo ní táyà tó bá kún náà máa ń gbóná. Èmi fúnra mi ni mo wọ bàtà fún un, mo gbé e síwájú kẹ̀kẹ́.

Ohun kan ló yẹ kó ta mí lólobó. Agbẹjọ́rò là ń pe ọmọ rẹ nílé. Tí mo bá ní ilẹ̀ ti mọ́, á ní kò tíì mọ́ tán. Lọ́jọ́ yẹn mo gba ọ̀nà tó jìn, mo ní òun ló yá jù, kò jiyàn. Ó kàn gbé orí lé mi láyà.

Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, olùkọ́ rẹ̀ ti pè pé ó ń bì, ó sì ń gbọ̀n. Mo sáré, ọmọ mi. Kẹ̀kẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹsẹ̀ ni mo fi sáré. Nọ́ọ̀sì ilé ìwé ní ibà ni, ó fún un lóògùn, ó wá rọra sọ fún mi pé ènìyàn kì í ṣe táyà, pé bí nọ́ńbà bá ṣe ń gòkè ni àìsàn ń gòkè. Mo ní ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ni kò kọ ọ́ síbẹ̀. Nígbà tó kẹ̀yìn sí mi, omi bọ́ lójú mi. Má sọ fún ìyá rẹ.

Ara rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí, nọ́ọ̀sì ní ó lè padà sílé ìwé. Láàárọ̀ yìí mo ní kó má tíì lọ, ojú rẹ̀ ṣì rẹ̀. Ó ní ojú tèmi ló rẹ̀, kí wọ́n há ẹ̀rọ náà sí èmi náà lábíyá. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Jọ̀ọ́, má wá mú un. Ọwọ́ ìyá rẹ ni ẹ̀rọ yóò máa wà, nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ. Èmi, ẹnu ọmọ ni n ó máa wò: ọjọ́ tí kò bá bá mi jiyàn, kò lọ ibì kankan.

Bí o bá rí nǹkan díẹ̀, fi ránṣẹ́ fún oògùn. Kì í ṣe pé bàbá rẹ ò lówó o, iṣẹ́ ni kò yá lónìí. Mo gbé ẹ̀rọ táyà mi wá síwájú ọgbà ilé ìwé, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Mo sọ fún olùkọ́ pé ibẹ̀ ni oníbàárà pọ̀ sí. Ọkọ̀ kan ò tíì kọjá. Ṣùgbọ́n mo ń rí orí ọmọ rẹ lójú fèrèsé, kò tíì gbé e lé tábìlì.

Wàá dàgbà, wàá dàgbà débi tí ìwọ náà yóò fi jókòó síwájú ilé ìwé ọmọ ọmọ rẹ, láìsí ẹni tó rán ọ.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Ọ̀gá Táyà.