Ìyẹ́ Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Mùtíù

Bàbá mi àtàtà,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá yín gbé níbi tẹ́ ẹ wà. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ bí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ yí ọ̀rọ̀ ká, nítorí náà n ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ràlíà fẹ́ lọ́kọ. Ọ̀la ni wọ́n máa so yìgì. Ẹ ti fi ayé sílẹ̀, ẹ̀yin nìkan sì ni ọkùnrin tí Ìyá Àgbà bí, kò sí àbúrò yín tí wọ́n lè lọ bẹ̀, torí náà èmi ni wálíì rẹ̀. Èmi ni mo máa fa ọwọ́ rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́ níwájú ààfáà. Bí mo bá kọ̀ láti jókòó síbẹ̀, kò sí yìgì. Títí di Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí, mo ti fẹ́ kọ̀.

Mùtíù ni orúkọ ọkùnrin náà. Ilé àwọn ará Ọ̀yọ́ ní Krofrom ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó pẹ́ ní Jámánì kó tó padà wálé. Irú wọn ni wọ́n ń pè ní bọ́gà níbí. Ó kó ọkọ̀ kan bọ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́nu ọ̀nà méjì, àwọ̀ eérú, tó pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀ bí alángbá tó na ara rẹ̀ sínú oòrùn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń fura sí i. Ó mọ èèyàn kí jù. Aṣọ funfun ló wọ̀ lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí fún Màmá. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ó jẹun tán, ó gbé abọ́ lọ sẹ́yìn ilé, ó fọ̀ ọ́. Bàbá, ta ló ń fọ abọ́ nílé àna bí kò bá ní ohun tó ń fi pamọ́?

Mo sọ ọ́ fún Màmá. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, bí wọ́n bá bu omi fún ọ, wàá kọ́kọ́ béèrè orúkọ ẹni tó pọn ọ́n.”

Mo ní, “Ṣé ìbéèrè yẹn burú ni?”

Wọ́n kàn mi orí.

Nígbà tí ìdílé méjèèjì jókòó pọ̀ láti mọ ara wọn, mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Mo ní ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ sáré àsápajúdé kò ní gba ọwọ́ àbúrò mi lọ́wọ́ mi, torí mo mọ ohun tí irú ọkọ̀ yẹn wà fún. Ìyá Mùtíù ní, “Ei!” Ràlíà sì wolẹ̀. Mo rò pé ìtìjú ni.

Ní ọjọ́ Ajé, Mùtíù gbé ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Asafo. Lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, irin pẹlẹbẹ kan wà tí àwa oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pè ní sípóílà. Bí ọkọ̀ bá ń rọra lọ, yóò sùn mọ́ ara ọkọ̀, ẹ ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí eré bá ti pọ̀, yóò dìde fúnra rẹ̀ bí ìyẹ́ àkùkọ tó fẹ́ jà, afẹ́fẹ́ yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ má baà fúyẹ́. Bí eré bá rọlẹ̀, yóò tún sùn padà.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó wí, “ẹ bá mi pa á. Kó má dìde mọ́ rárá.”

“Kí ló ṣe é?”

“Kò ṣe nǹkan kan.”

“Ohun tí kò ṣe nǹkan kan lo fẹ́ kí n pa?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó nu iwájú orí. “Àwọn ọlọ́pàá ni. Bí wọ́n bá ti rí i lókè báyìí, wọ́n á ní èèyàn ń sáré.”

“Ṣé o ń sáré ni?”

“Daabi! Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Ó kàn máa ń dìde nígbà mìíràn ni.”

Bàbá, iṣẹ́ wáyà ni mo ń ṣe. Nǹkan kì í kàn dìde.

Mo rò ó wò. Kí ló dé tí kò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn? Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tí àna rẹ̀ ń ṣe wáyà ọkọ̀ kò jẹ́ gbé ọkọ̀ tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, àbùkù ńlá ni. Bó bá sì gbé e lọ, kí oòrùn tó kan àtàrí ni wọ́n á ti wá sọ fún mi. Kò sí ibi tó lè gbà ju ọ̀dọ̀ mi lọ. Ìyẹn náà tún jẹ́ kí n fura sí i, pé ó ronú dé ibẹ̀.

Mo ní kó lọ jókòó kó mu ògì kókò. Mọ́tò kékeré tó ń gbé sípóílà yẹn ní wáyà tó ń mú un gòkè àti wáyà tó ń mú un sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó ń mú un sọ̀ kalẹ̀ ni mo já. Mo fi ti gígòkè sílẹ̀. Mo wá sọ fún un pé mo ti pa á, pé iná ìkìlọ̀ kan yóò máa tàn níwájú awakọ̀ nítorí iṣẹ́ tí mo ṣe, kó má dá a lóhùn. Bí kò bá sáré, sípóílà yóò sùn síbẹ̀ títí láé. Bó bá sáré lẹ́ẹ̀kan péré, yóò dìde, kò sì ní lè sùn mọ́, títí tí ojú mi yóò fi kò ó.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ó fi sú mi. Ṣé ohun tí mo ṣe dára? Ẹ̀yin ì bá sọ fún mi.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ń wò káàkiri ìlú. Mo lọ ra wáyà ní Race Course, mo rí ọkọ̀ náà níbi tó páàkì sí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yọjú sí i lẹ́yìn. Ó sùn. Obìnrin oníṣu kan bi mí ní Twi pé, “Worehwehwɛ deɛn?” Kí ni mò ń wá? Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi bà jẹ́ díẹ̀ pé ó sùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ ni Mùtíù fi rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀. Ó fẹ́ fi obì àti dàbínù tí wọ́n máa pín níbi yìgì hàn mí. Mo bi í pé ọkọ̀ rẹ̀ dà. Ó ní wọ́n ń fọ̀ ọ́. Ó jókòó tì mí bí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ń bá mi mú tọ́ọ̀ṣì dání, títí a fi kí ìrun àìlà pọ̀. Lẹ́yìn ìrun, a jọ rìn lọ sílé wa láti lọ jẹun.

Iwájú ilé wa ni ọkọ̀ náà wà. Sípóílà rẹ̀ dúró gan-an-gan lẹ́yìn rẹ̀.

Mùtíù rí i. Mo rí i pé ó rí i. N kò tíì la ẹnu tó ti ní, “Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo sáré láàárọ̀. Ẹ forí jì mí.”

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kíá ni mo gbé e kúrò, ó gbóná bí agbada tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Láti àárọ̀ ni ọkùnrin yìí sì ti wà lọ́dọ̀ mi! Bàbá, mo ti fura sí ọ̀pọ̀ èèyàn láyé mi, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó purọ́ mọ́ ara rẹ̀ lójú mi rí.

Mo wọlé. Màmá ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ mọ̀ pé Màmá kì í fẹ́ jókòó níwájú ọkọ̀ pàápàá, áńbọ̀sìbọ́sí kí wọ́n wà á. Ràlíà jáde láti yàrá, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ta ló wa ọkọ̀ yẹn?”

Mùtíù tó wà lẹ́yìn mi ní, “Mo ti ní èmi ni.”

“Ẹ má dá a lóhùn, Bọ̀ọ̀dá,” Ràlíà wí. “Èmi ni.” Ó wá yọjú síta, ó rí ẹ̀yìn ọkọ̀. “Kí ló dé tó fi wà lókè? Ṣebí ẹ ti pa á?”

Ẹ mọ̀ ọ́n, ọpọlọ rẹ̀ jí pépé.

“Ei, Bọ̀ọ̀dá mi! Ẹ dẹ páńpẹ́ sí ọkọ̀ ọkọ mi?”

“Kò tíì di ọkọ rẹ.”

“Olè lẹ fẹ́ mú, àbúrò yín lẹ wá mú! Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ọlọ́pàá!”

Màmá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà nù lórí atẹ. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo bi Ràlíà pé níbo ló sáré dé. Ó ní ojú ọ̀nà Accra, lẹ́yìn Ejisu, níbi tí ọ̀nà ti dá páropáro, pé òun kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni. Mo bi í pé ṣé Mùtíù ló kọ́ ọ ní irú ìwàkuwà bẹ́ẹ̀.

Ó wò mí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ó ní, “Bàbá ni.”

Ṣé òótọ́ ni, Bàbá? Ó ní nígbà tí mo wà ní abúlé lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, tí mò ń lọ síléèwé, tí mò ń ṣẹ́ igi, ẹ máa ń gbé òun jókòó sídìí ọkọ̀ ní òwúrọ̀ Jímọ̀, nígbà tí bọ́ọ̀sì yín ṣófo, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí ibùdókọ̀. Ó ní ẹ máa ń pariwo pé kó tẹ̀ ẹ́, kó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin, tí n kò gbọ́ kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ rí! Nígbà tí mo padà dé tẹ́ ẹ gbé mi jókòó tì yín, bíréèkì nìkan lẹ fi kọ́ mi. Ẹ ní bíréèkì ni ọkọ̀, ìyókù ariwo ni. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ́ òun ní eré, tẹ́ ẹ kọ́ èmi ní ìdúró? Ṣé ẹ̀rù mi ń bà yín ni, àbí ẹ̀ ń bẹ̀rù pé n kò ní rẹ́rìn-ín? Ó ní ẹ̀yin lẹ ní kó má sọ fún mi, pé inú mi kò ní dùn sí i. Òótọ́ lẹ sọ, inú mi kò dùn. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé ẹ mọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo jáde. Mùtíù ti jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, ó ń dúró de ìdájọ́.

“Kí ló dé tó o fi purọ́ fún mi?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé ẹni tó bá ń sáré kò ní gba ọwọ́ rẹ̀. Ṣé kí n wá sọ pé Ràlíà gan-an ló ń sáré? Ó sàn kẹ́ ẹ bínú sí mi.”

“Bí mo bá wá kọ̀ ńkọ́?”

“N ó tún wá bẹ̀ yín lọ́la. Mo mọ ọ̀nà ilé yín.”

Mo wò ó pẹ́. Mò ń wá ibi tí ẹ̀tàn wà lójú rẹ̀, n kò rí i. Mo ṣì ń wá a.

Lánàá, mo gbé ọkọ̀ náà padà wọ ṣọ́ọ̀bù, mo so wáyà tí mo já pọ̀. Mùtíù bi mí pé ṣé mo fẹ́ wá pa á dáadáa báyìí. Mo ní rárá. Pípa sípóílà kò dá eré dúró, ó kàn ń jẹ́ kí eré pani ni. Kò sẹ́ni tó lè ní kí Ràlíà má sáré, ẹ̀yin alára ò lè ní bẹ́ẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé yóò sáré, kí afẹ́fẹ́ bá mi di ẹ̀yìn rẹ̀ mú mọ́lẹ̀. Mo sọ fún àwọn méjèèjì pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún pa á mọ́, ì báà ṣe nítorí ọlọ́pàá, ì báà ṣe nítorí mi.

Ràlíà ní kí n wọ ọkọ̀, kí òun fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn mí. Ibi tí ọ̀nà ti dá náà ló gbé mi lọ. Mo di ìjókòó mú, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀.

“Bọ̀ọ̀dá,” ó wí, “kò sí bíréèkì níbẹ̀ o.”

Mo ní kó wojú ọ̀nà. Ó tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ tí mọ́tò kékeré náà kùn lẹ́yìn wa, ọkọ̀ sì fi ara lélẹ̀ bí ẹni tó jókòó dáadáa. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo wo ọwọ́ rẹ̀, n kò rí àṣìṣe kankan. Ẹ kọ́ ọ dáadáa.

Ọ̀la ni yìgì, Bàbá. N kò tíì mọ ìdí tí Mùtíù fi ń fọ abọ́. N kò tíì mọ ìdí tó fi fi Jámánì sílẹ̀. Màmá ní èèyàn kì í mọ gbogbo rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ tí bàbá Màmá fa ọwọ́ wọn lé yín lọ́wọ́, ṣé ìfura ti tán lọ́kàn wọn ni? Tèmi kò tíì tán. Síbẹ̀, n ó fa ọwọ́ Ràlíà lé e lọ́wọ́.

Èmi ni, ọmọ yín ọkùnrin, tó fẹ́ràn yín pẹ̀lú gbogbo ìbéèrè rẹ̀.