Mo Ní Ara Le, Asiráǹsì Sì Gbà Mí Gbọ́

                                                  Ilé Alájì Waliou,
                                                  Ọ̀gánlá, Àjàṣẹ́.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2024.

Ìyádùnní mi, ọ̀rẹ́ tó ju ọmọ ìyá lọ,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé. Ẹ kú ewu ọmọ Ọlẹ́wà o. Ọlọ́run tó sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ yóò wo ọmọ náà dàgbà. Bàbá Ọlẹ́wà ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń hú nígbà Iléyá ti fi í sílẹ̀? Jídé ńkọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tuntun rẹ̀? Ọjà àdìrẹ ńkọ́, ṣé àwọn oníbàárà ń yà? A gbọ́ pé òjò ò jẹ́ kí ẹ gbádùn ní Abẹ́òkúta. Níbí náà, ọ̀sà ti kún dé ẹ̀yìn ilé àwọn kan, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tiwa ṣì gbẹ.

Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé mo mú bíìkì kọ lẹ́tà sí ọ láyé tí fóònù wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni mi ò lè sọ lórí fóònù. Tí o bá ti pè mí, tí o ní ṣé àlàáfíà ni, ẹnu mi á ti dá ọ lóhùn kí n tó ronú. Ẹnu yìí kan náà ló kó mi sí ìjàngbọ̀n tí mo fẹ́ ròyìn. Lórí ìwé, bí mo bá purọ́, mo lè fagi lé e.

Ìyádùnní, ara mi ò le.

Ó ti tó ọdún kan àbọ̀ tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ìwọ náà mọ̀ pé ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń jókòó ní bírò kan, ọ́fíìsì bí ẹ̀yin ṣe ń pè é, ní Kraké, tí mò ń kọ ìwé àwọn tírélà tó ń kó ẹrù kọjá ẹnubodè. Mo ń fi òróró pa á, mo ń fi omi gbígbóná jó o. Àfi ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀ tí mo tẹ̀ láti gbé garawa omi tí kò tilẹ̀ kún, nǹkan kan já ní ẹ̀yìn mi, mi ò lè nàró mọ́. Mo fọwọ́ ti ògiri, mo dúró síbẹ̀ títí tó fi rọlẹ̀ díẹ̀. Mi ò pe ẹnikẹ́ni.

Dókítà ọsibítù ya fọ́tò ẹ̀yìn náà, ó tún fi ẹ̀rọ mìíràn wọn eegun mi. Ó ní inú eegun mi ti di ihò wẹ́wẹ́ bíi kànìnkànìn, pé ọ̀kan nínú eegun ẹ̀yìn ti wó lu ara rẹ̀. Ó kọ oògùn oníhóró fún mi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí n tó fẹnu kan nǹkan kan. Oògùn yẹn ta mí láyà bí ata, gbogbo ohun tí mo bá jẹ ni mò ń bì. Ó wá yí i sí abẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ó sì kìlọ̀ pé kí a má fi àkókò ṣòfò, nítorí eegun tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó kì í dúró de ènìyàn. Àmọ́ owó abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ju owó oṣù mi lọ. Ọlọ́run ló ṣe é tí bírò wa ń san owó àwa òṣìṣẹ́ fún iléeṣẹ́ adójútòfò, asiráǹsì tí àwa ń pè é. Ṣùgbọ́n tí oògùn bá ti wọ́n báyìí, wọn kì í sanwó àyàfi tí dókítà tiwọn bá fọwọ́ sí i. Clémentine, ọmọ Gùn tó ń tọ́jú ìwé àwa òṣìṣẹ́, ló kó gbogbo rẹ̀ jọ sí dọ́síè kan, ó sì fi ránṣẹ́ sí Kútọnu.

Ìbẹ̀rù tí mo wà nínú rẹ̀ nígbà náà, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. O rántí ìyá Bouraïma, aládùúgbò wa tó máa ń fún wa ní àádùn? Ilé ìwẹ̀ ló ti yọ̀ ṣubú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Eegun ìdí rẹ̀ dá, kò sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́ títí wọ́n fi gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i lójú ọkàn mi. Tí mo bá fẹ́ sín, màá di orí àga mú. Tí takisí Kraké bá ti sún mọ́ gegele ojú títì, màá di èémí sínú títí a fi kọjá. Zẹ́mì, alùpùpù elérò yẹn, mi ò gùn ún mọ́ láti ìgbà náà.

Ọjọ́ kan báyìí lóṣù tó kọjá, mo wà ní bírò, àwọn awakọ̀ ń pariwo lé mi lórí, fóònù mi dún. Ọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní òun ni dókítà asiráǹsì. Kí n tó to Faransé tí n ó fi dá a lóhùn jọ, ó ti yí i sí Nàgó, àṣé ọmọ Kétu ni! Ó kí mi bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ẹ kú iṣẹ́ mà, ṣé àlàáfíà ni, ara ńkọ́? Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sókè. Mo ní àlàáfíà ni ọmọ mi, a dúpẹ́. Ó ní ẹ̀yìn tí wọ́n kọ síwèé yìí ńkọ́? Mo ní Ọlọ́run ń ṣe é, kò sí wàhálà. Ó ní ṣé mo ṣì ń lè ṣiṣẹ́? Mo ní ha, ibi iṣẹ́ gan-an lo bá mi yìí, ara le koko bí ọta. Mo wá da àdúrà bò ó, ó ń ṣe àmín, àmín. Nígbà tó pa fóònù, mo sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé ọmọ gidi ṣì wà nílé ayé.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìpè yẹn ni èsì dé. Wọ́n ní àwọn ò sanwó. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò sí wàhálà, pé òun ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, nítorí náà kó padà sórí oògùn oníhóró. Clémentine wo ìwé, ó wo ojú mi.

“Ìyá Zoulé, kí lẹ sọ fún ọkùnrin yìí?”

“Mi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn kí i ni.”

Ó ká ọwọ́ lérí.

Má rẹ́rìn-ín, Ìyádùnní. Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín. Ta ló kọ́ wa? Ṣé kì í ṣe agbo ilé kan náà la ti gbọ́ ọ pé ẹni tó bá ń ka àìsàn ara rẹ̀ ń pè é wá ni? Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ibà lè máa gbọ̀n ọ́n pẹ̀pẹ̀ lábẹ́ aṣọ, tí ẹnikẹ́ni bá kí i láti ìta, á ní a dúpẹ́ o, ara ti le. Èmi wá lọ fi ẹ̀kọ́ ilé dá asiráǹsì lóhùn! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi ò tilẹ̀ dákẹ́, mo tún fi ẹnu ara mi jẹ́rìí ta ko ara mi.

Clémentine ò sùn lórí rẹ̀. Ó kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, wọ́n sì fún wa ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, pé kí n wá fúnra mi. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, Zouleyhath, ọmọ mi tó ń ṣe tíṣà ní Sèmè-Kpodji, ń kọ́ mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ilé kéú. Á jókòó síwájú mi, á ní òun ni dókítà. Ṣé ara le, mà? Èmi á ní a dúpẹ́. Á pòṣé, á ní ká tún un ṣe. Ìgbà mẹ́ta ni mo kùnà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó bínú dìde, ó ní màmá, ṣé ẹ fẹ́ kú sórí ẹ kú àárọ̀ ni? Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n mo ní kó jókòó, ká tún un ṣe.

Alájì ọkọ mi ló sìn mí lọ sí Kútọnu. Ó mọ̀ pé mò ń wá abẹ́rẹ́ o, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó ń fún eegun lágbára ni mo pè é fún un, pé ọjọ́ ogbó ló ń bọ̀. A gun àtẹ̀gùn dé òkè kejì, mo sinmi lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní bàtà ló ń fún mi lẹ́sẹ̀. Dókítà náà kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Bó ṣe rí wa, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Alájì, ó kọjú sí mi, ó ní ṣé àlàáfíà ni ẹ dé, mà? Ẹnu mi ti là. Mo gbọ́ “à” tó ti jáde. Mo gbé ìyókù mì.

Mo ní, “Rárá, ọmọ mi. Kò sí àlàáfíà.”

Ìyádùnní, ó rí lára mi bí ẹni tó ń ṣépè fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe bẹ̀rẹ̀, mi ò lè dá a dúró mọ́. Mo sọ fún un pé láti oṣù Rajab ni mo ti ń jókòó sórí àga kírun, tí mò ń sọ fún ọkọ mi pé orúnkún ni. Mo sọ fún un pé mo máa ń jí ṣáájú ọkọ mi, kó má baà rí bí mo ṣe ń kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì: màá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, màá di pákó mú, màá dúró kí òógùn gbẹ lójú mi, kí n tó nàró. Gbogbo ìró mi ló ti ń wọ́lẹ̀, torí mo ti kúrú. Ọjọ́ tí mo rẹ aṣọ Jímọ̀ ọkọ mi tí mi ò lè fún un, mo jókòó ti abọ́ aṣọ, mo sunkún.

Dókítà ń kọ, ó ń kọ, nígbà tó yá kò kọ mọ́. Ó ní mà, kí ló dé tí ẹ ò sọ gbogbo èyí fún mi lórí fóònù? Mo ní o kí mi ni, ọmọ mi, mo sì dá ọ lóhùn. Ó sọ orí kọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Alájì ti ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orí itan, ó ń wò ó bíi pé ó ń wá nǹkan nínú rẹ̀.

Mọ́tò wa ti dé apá Sèmè-Kpodji. Nígbà náà ni Alájì wá ní, “Ìyá Zoulé, láràárọ̀ ni mò ń bi ọ́ pé ṣé o jí dáadáa.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ká ní ó fi ìbínú sọ ọ́ ni, èmi náà ì bá rí nǹkan fọ̀. Mo wo ojú fèrèsé títí a fi dé ilé.

Wọ́n ní kí á máa retí ìpè wọn. Ọjọ́ kẹfà rèé, fóònù ò dún. Mo gbé e wọ ilé ìwẹ̀, mo gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Jẹ́ kí n fi bíìkì sílẹ̀ ná.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ìyádùnní, wọ́n ti pè lówùúrọ̀ yìí! Wọ́n fọwọ́ sí i. Asiráǹsì yóò san èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, ọdún kan gbáko, lẹ́yìn náà wọn á tún dọ́síè yẹ̀ wò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọn yóò gún mi ní àkọ́kọ́. Clémentine hó yèè lórí fóònù. Èmi dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì balẹ̀, n ò ní tàn ọ́. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà eyín, torí abẹ́rẹ́ náà lè ṣe eegun àgbọ̀n léṣe. Wọ́n ní ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yìí kò gbọdọ̀ já a sílẹ̀ lójijì, kí eegun má baà tún wó ju ti ìṣáájú lọ. Tí ọdún bá wá yí po tí wọ́n ní àwọn ò san mọ́ ńkọ́? Lọ́dún méjì sí i, mo máa fẹ̀yìn tì. Ta ni yóò máa san án? Mo bi Alájì, ó ní ká kọ́kọ́ gba ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ná. Láti ọjọ́ Kútọnu ló ti ń fún aṣọ fúnra rẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n fún rárá.

Bá mi kí Bàbá Ọlẹ́wà, kí o kí Jídé, kí o gbé ọmọ tuntun náà lẹ́ẹ̀kan fún mi. Alájì kí yín. Zouleyhath ní òun ń retí àdìrẹ aláró tí o ṣèlérí fún òun.

Nǹkan kan kù, òun ló sì ń gbé mi lọ́kàn jù. Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè mí láti ròyìn ìsọmọlórúkọ, mo ní ara ńkọ́, o ní a dúpẹ́, ara le koko. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nígbà tí o ń jókòó. O fa èémí, o dúró, ó pẹ́ díẹ̀ kí o tó bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo mọ èémí yẹn. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi mí in láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Jọ̀ọ́, ìwọ ọ̀rẹ́ mi, tí o bá ń fèsì, má kọ àlàáfíà sí mi. Kọ ibi tó ń dùn ọ́.

Èmi ni, ẹnì kejì rẹ láti kékeré,
Kafayatou (Ìyá Zouleyhath)