Ìka Ẹsẹ̀ Mi àti Ọ̀rọ̀ Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́

Àlàmísì, 4 Rájábù 1274. Ẹ̀pẹ́.
Olóòlà ará Ìjẹ̀dẹ́ ti ṣe é. Ìka tó gun àtàǹpàkò mi láti kékeré, tí bàtà ń bó, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú sínú ọ̀sà lọ́jọ́sí — ó gé iṣan rẹ̀, ó nà án, ó fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ dè é. Bísíríyù àbúrò mi ló di èjìká mi mú. Mo ké. Mi ò tijú. Olóòlà ní n kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, kí omi má sì kàn án, títí yóò fi jinná. Bísíríyù ni yóò máa wa ọkọ̀ ẹja wa lọ sí Ìkòròdú.

Jímọ̀, 5 Rájábù.
Ìrora. Mi ò lè kọ̀wé.

Àtìní, 8 Rájábù.
Kúbúrá ìyàwó mi ń tọ́jú mi dáadáa. Bísíríyù dé láti Ìkòròdú. Mo béèrè ìyá wa, tó ń gbé níbẹ̀ láàárín àwọn ẹbí rẹ̀ láti ìgbà tí ogun ti lé wa kúrò l'Ékòó. Ó ní, "Wọ́n ń kí yín, ẹ̀gbọ́n." Ó yára jáde. Kí ló ń sá fún?

Àlàrùba, 10 Rájábù.
Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn ògiri. Kúbúrá àti Bísíríyù. Mo wúkọ́ — ọ̀rọ̀ tán. Kúbúrá wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní èéfín ẹja ni. A kò yan ẹja lónìí.

Àlàádì, 14 Rájábù.
Bísíríyù tún ti lọ. Mo yọjú lójú fèrèsé: kò sí ẹja nínú ọkọ̀. Kúbúrá ló wà níbẹ̀! Ó ní òun ń lọ kí ìyá wa. Ìyàwó mi, àbúrò mi, ọkọ̀ kan. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Àfi ìwé yìí. Lẹ́tà kéwú ni mo fi ń kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó lè kà á nínú àwọn méjèèjì.

Àtàláátà, 16 Rájábù.
Wọ́n dé. Mo bi Kúbúrá ní gbangba: kí ló wà láàárín ìwọ àti Bísíríyù? Ó wò mí títí. Kò bínú — ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní, "Bàbá Sèlíátù, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín jinná ná." Ná! Kí ló ń bọ̀ lẹ́yìn ná? Láti òní, Ológbò ni mo ń pe Bísíríyù nínú ìwé yìí.

Àlàmísì, 18 Rájábù.
Ológbò gbẹ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ fún mi. Mo gbà á. Mi ò dúpẹ́.

Jímọ̀, 26 Rájábù.
Olóòlà tú pákó. Ìka dúró gbọọrọ. Kúbúrá bẹ̀ mí kí n má tíì jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi jáde. Mo tẹ̀pá dé mọ́ṣáláṣí. Bàbá Àlímì, tó ń pe ìrun, dì mọ́ mi. "Mọ́ṣúdù, o kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà kẹ́ wọn."

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Kúbúrá ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Bísíríyù ló sọ̀rọ̀: àìsàn ti dá ìyá wa dùbúlẹ̀, ìyá fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n má sọ fún mi, kí n má baà wọ ọkọ̀ tọgbẹ́tọgbẹ́. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì lọ ló kú. Mo ní, ṣé kò béèrè mi ni? Kúbúrá ló dáhùn. "Wọ́n ń pe orúkọ yín títí ẹ̀mí fi bọ́."

Àlàádì, 28 Rájábù. Ìkòròdú.
Mo jókòó síwájú ọkọ̀, mo kẹ̀yìn sí Bísíríyù. Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Láàárín ọ̀sà ni mo gbọ́ ọ tó ń sunkún bí ọmọdé — ìyá tirẹ̀ náà ni, kò sì tíì rẹ́ni bá a sunkún. Mo yípadà. Mo ní kó fi àjẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kó wá jókòó tì mí.