Ìdí Tí Mo Fi Bá Abdoul Sọ̀ Kalẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Olórin

                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìkẹ́rùsí,
                                        Kossodo,
                                        Ouagadougou,
                                        Burkina Faso.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹrin, 2025.

Bìláàlì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. Kò sẹ́ni tó lé mi kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi, n kò sì na òyìnbó kankan. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi sọ̀ kalẹ̀, mo gbé agídìgbo mi lé èjìká. Ẹni tó bá tún sọ ọ́ sí ọ létí, sọ fún un pé Bùsàrí ní kí ó wá bi òun léèrè.

Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n fi ìjà ṣáájú ìkíni. Má bínú. Ṣé dáadáa ni o wà? Bàlíkíìsì aya rẹ ńkọ́, ṣé oyún náà kò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ńkọ́? Ṣé òjò ti ń kán lọ́dọ̀ yín kí ẹ lè kọ ebè? Níbí, ooru ń ṣe bí ẹni tó bá wa níjà. Omi ni a ń wọ́n sílẹ̀ yàrá kí a tó lè sùn. Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọkàn mi ni kò jókòó. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí ni mo ti ń dìde, mo ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo tún ń padà wá.

O mọ̀ pé tí mo bá ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń ta ẹ̀yà ara moto ní Patte d'Oie, ilé ọtí kan ní ìkóríta ibẹ̀ ni mo ti máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi kọrin. Má jẹ́ kí Àáfà gbọ́. Omi ọsàn ni mò ń mu. Mẹ́rin ni wá. Abdoul ló ń kọrin. Basile ń lu bálàfọ́, pákó tí wọ́n tò sórí akèrègbè. Fatimata ń lu igbá, èmi sì ń lu agídìgbo. Ibẹ̀ ni obìnrin òyìnbó kan, Madame Hélène, ti gbọ́ wa. Òun ló ń bá ọkọ̀ ojú omi ńlá kan wá olórin. Ọkọ̀ náà kì í kó ẹrù, àwọn tó fẹ́ràn orin ló ń kó. Lọ́sàn-án wọn a sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìlú tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí, lálẹ́ wọn a jókòó gbọ́ orin. Bí a ṣe di èrò Dakar nìyẹn, tí a wọ ọkọ̀ tó ga ju mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ Ṣakí lọ.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ọ, ọmọ Mossi ni Abdoul, ọmọ Samo ni Basile. Àwàdà ni ìbátan ẹ̀yà méjèèjì. Wọ́n lè pàdé lójú pópó láìmọ ara wọn rí, kí ọ̀kan pe èkejì ní ẹrú òun, kí èkejì pe ẹni náà ní ajẹ-orí-ajá. Ẹni tó bá bínú ti tẹ́. Bí ọ̀kan bá sì ṣẹ̀, èkejì ni wọ́n ń rán lọ bẹ̀bẹ̀ fún un, a kì í sì í da ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nù. Ṣé o rántí bí ìyá àgbà wa ṣe ń pè ọ́ ní ọkọ òun, tí yóò máa bú ọ pé o kò ra aṣọ fún òun? Irú rẹ̀ ni, àfi pé tiwọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alẹ́ àkọ́kọ́ dùn gan-an. Àwọn arúgbó òyìnbó dìde jó, Abdoul sì kọrin bí ẹni pé òkun ló bí i. Àmọ́ nígbà tí orin bá parí, n kì í rí ibi rìn sí. Mo ń yí ọkọ̀ náà po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Nítorí náà, nígbà tí a gúnlẹ̀ sí Banjul tí wọ́n ní kí a lọ najú, èmi ni mo kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀. A rìn wọ ọjà, Fatimata ra lálì, a jẹ ìrẹsì àti ẹja lẹ́bàá omi. Abdoul ra àpò ẹ̀pà kan. Nígbà tí a padà dé èbúté, ó ju àpò náà sí Basile lọ́wọ́.

"Ẹrú, gbé e. Kí ni mo rà ọ́ fún?"

"Èmi ni mo rà ọ́," Basile ní. "Iyọ̀ ni mo fi rà ọ́, iyọ̀ náà sì ti pọ̀ jù."

"Ajẹ-orí-ajá! Tí a bá délé, màá tà ọ́ fún ẹlẹ́lẹ́dẹ̀."

"Ta ni yóò ra nǹkan lọ́wọ́ ẹrú?"

Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ. A kò mọ̀ pé àwọn èrò ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń fi ìtàn òwò ẹrú han àlejò ni. Wọ́n ti rí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, ojú wọn ti pọ́n. Ìyá àgbàlagbà kan láàrin wọn bú sẹ́kún.

Kí oòrùn tó wọ̀, Madame Hélène, tí òun náà wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wa, ti pè wá. Ó ní kí Basile má bẹ̀rù, kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Basile tó yẹ kí ó là á yé e!

"Madame," ó ní, "òótọ́ ni pé ẹrú mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ foríjì í nítorí tèmi. Kò gbọ́n. Gbogbo wọn ni kò gbọ́n."

Abdoul ní, "Ẹ má dá a lóhùn, ebi orí ajá ló ń pa á."

Lójú tiwọn, ó tán: Basile ti bẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ti dé. Lójú Madame, ẹ̀rù ló sọ Basile di òmùgọ̀. Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, obìnrin yìí kò sì mọ ijó rẹ̀. Fatimata ṣàlàyé títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Madame ní òun gbọ́, àmọ́ òun ti rí ẹkún ìyá yẹn. Ó yí yàrá Basile padà kí ó lè jìnnà sí Abdoul, ó ní Abdoul kò ní kọrin lálẹ́ ọjọ́ náà, Dakar ni yóò sì ti sọ̀ kalẹ̀.

Ó wá kọjú sí mi. "Bùsàrí, o mọ àwọn orin náà. Ìwọ ni kí o kọ wọ́n. D'accord, ṣé o gbà?"

Mo ní rárá. Ó ní ṣé mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ní ilé ìwé abúlé ni mo lọ, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ wa ní "rárá" níbẹ̀.

Nígbà tí alẹ́ lẹ́, wọ́n tan iná, wọ́n pè wá. Àwa mẹ́ta jáde. Mo gbé agídìgbo sílẹ̀, mo dúró tì í. Fatimata da igbá rẹ̀ dé. Basile ká ọwọ́ gbera. Ẹnìkan bi wá láti àárín èrò pé kí ló dé. Mo fi Faransé tèmi tó rí gbágungbàgun sọ fún wọn pé ẹni tó ń kọrin fún wa wà nísàlẹ̀, wọ́n ní ó bú arákùnrin rẹ̀. Arákùnrin rẹ̀ rèé, kí wọ́n bi í bóyá inú ń bí i.

Basile gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi. "Inú ń bí mi! Ta ni n óò rí tí yóò gbé ẹ̀pà mi?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan dìde lọ. Àwọn olórin Conakry tó yẹ kí wọ́n kọrin lẹ́yìn wa jáde, wọ́n gbé ohun èlò wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Àwọn ọmọ Lomé tó ń fọ abọ́ wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọwọ́ wọn ṣì tutù. Mo ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń wá. Nígbà tí ìyá tó sunkún yẹn dìde, tó tẹ ọ̀pá rẹ̀ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fatimata, mo jáwọ́ nínú kíkà. N kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó ṣáà dúró.

Síbẹ̀, Madame àti ọ̀gá ọkọ̀ kò yí ọ̀rọ̀ padà. Ní Dakar, orúkọ Abdoul nìkan ni wọ́n pè. Àwa mẹ́ta kó ẹrù wa, a tẹ̀ lé e. Ó bínú sí mi: "Ta ló rán ọ? Olóríkunkun ọmọ Nàìjíríà!" Mo ní kí ó dákẹ́, kí ó gbé ẹ̀pà rẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí kò jẹ́ kí n jókòó ni pé Madame Hélène tún ti ránṣẹ́. Ó ti wádìí àṣà náà, ó sì tọrọ àforíjì tọkàntọkàn. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fẹ́ kí a padà wá nígbà ọyẹ́. Àmọ́ ó ní lálaalẹ́, kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kí Abdoul àti Basile máa bú ara wọn lórí ìtàgé kí àwọn èrò lè rí àṣà wa. Fatimata ní kò burú. Basile ní òun yóò rò ó. Abdoul ní òun kò lọ.

"Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n má bú u," ó ní. "Ní báyìí, wọ́n ní kí n máa bú u tí wọ́n bá ti tan iná. Bàbá mi kò bú ọmọ Samo fún àtẹ́wọ́ rí. Ẹ wá akọrin mìíràn."

Mo retí kí Basile pè é ní aláìlọ́pọlọ. Ó dìde, ó lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá pàdé, "bonjour" lásán ni wọ́n ń kí ara wọn, bí àlejò méjì ní ọ́fíìsì. Bìláàlì, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. A lè rí ọkọ̀ mìíràn wọ̀. Mo ti fèsì fún Madame pé àwa mẹ́rin tàbí kò sẹ́nì kankan, a kò sì ní ta èébú lórí ìtàgé. Kò tíì dáhùn. Má ṣe rò pé òkun kò wù mí. Ó wù mí débi pé tí ọkọ̀ akẹ́rù bá fun fèrè ní Kossodo níbí, mo máa ń dìde. Ṣùgbọ́n n kò ní kọrin níbi tí àwọn méjì yẹn kò bá ti lè bú ara wọn lófẹ̀ẹ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, mo tún padà jókòó. Basile ló dé. Ó wà lórí alùpùpù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ní kí n wá gòkè kíá. Mo bi í pé níbo. Ó ní ilé Abdoul, òun fẹ́ lọ bi ẹrú òun pé ta ló fún un láyè láti máa kí òun.

N óò dáwọ́ dúró níbí. Bá mi kí Bàlíkíìsì, kí o kí Bàbá àti gbogbo ará ilé, kí o sì sọ fún ìyá mi pé ojú kò tì mí.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í fini sílẹ̀,
Bùsàrí