Ibi Tí Opó Ń Kọjú Sí

Ìyá mi,

Láràárọ̀, kí ilé ìkàwé tó kún, mo máa ń kó ìwé sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. N kì í ka èyíkéyìí tán. Màá kọ́kọ́ wo àkọlé orí kọ̀ọ̀kan, màá ka ìparí, màá wá fi òwú há ojú ewé tó bá kan fídíò orin tí olùkọ́ ní kí ẹgbẹ́ wa yà. Ìyẹn nìkan ni mò ń kà. Tábìlì náà fẹ̀ dáadáa, èmi nìkan ni mo ni ín.

Orin arò la fẹ́ yà. Eldiyar, ọmọ ìlú Bishkek níbí, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa, ní kí opó dúró síta, kó máa sunkún sí kámẹ́rà. Mo ní lọ́dọ̀ wa, bí ọkọ bá kú, inú àgọ́ lobìnrin ń jókòó sí, á sì kọjú sí ògiri. Ọkùnrin ló ń sunkún níta.

"Ará òkè, ta ló fẹ́ wo ẹ̀yìn èèyàn? Ṣé ìwọ lolùkọ́ wa ni?" Eldiyar ló sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yín ni mo rí nígbà tí Bàbá kú. Bí a bá yà á bí Eldiyar ṣe fẹ́, gbogbo ará ilé ní Naryn á wò ó, wọ́n á ní ọmọ yín wà níbẹ̀. Lónìí, mo rí àwòrán opó tó kọjú sí ògiri àgọ́ nínú ìwé kan.

Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà. Ẹ sọ fún wọn pé òtútù ibí kò tó tilé, àti pé mo ti lọ́rẹ̀ẹ́.

Lọ́la, kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà, màá fi àwòrán náà han olùkọ́ lójú gbogbo wọn, màá sì sọ̀rọ̀ sókè.

Begimay